Bí Lúpọ́ọ̀sì Ṣe Ń Wọ Inú Ọpọlọ

Oríkèé dídùn àti àárẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹni tó ní àìsàn lúpọ́ọ̀sì máa ń rò fún dókítà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé ọkàn àwọn ò pa pọ̀ mọ́: ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági ò rántí iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe aṣọ fún oníbàárà, akẹ́kọ̀ọ́ Polí ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà, kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ará ilé á ní ó ń ronú jù, ará àdúgbò á ní ayé ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti lè bẹ̀rẹ̀.

Lúpọ́ọ̀sì dà bí ọdẹ àdúgbò tó ń yìnbọn lu onílé tó gbà á síṣẹ́. Áńtíbọ́dì tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló yíjú sí ara ẹni, sí awọ, sí kíndìnrín. Bí ẹni mẹ́wàá bá ní in, bíi mẹ́sàn-án ló máa jẹ́ obìnrin.

Àwọn kan wà lára áńtíbọ́dì yìí tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, èròjà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2001, onímọ̀ ìṣègùn Betty Diamond àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí i pé àwọn kan nínú wọn tún ń lẹ̀ mọ́ NMDA receptor, ohun kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn rán, tí ẹ̀kọ́ àti ìrántí ò lè ṣe kí wọ́n má lò. Tí áńtíbọ́dì náà bá pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ àṣekú ló ń kó sẹ́ẹ̀lì sí.

Àmọ́ odi kan wà láàrín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Eku tí áńtíbọ́dì yìí kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọ́fọ́ ò gbàgbé nǹkan kan. Àfìgbà tí wọ́n fún un ní èròjà tó máa ń wà lára bakitéríà ni odi náà là, sẹ́ẹ̀lì inú hippocampus, níbi tí ìrántí ti ń fìdí múlẹ̀, wá ń kú, ìrántí eku sì bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n lo adirẹnalín, èròjà tí ara máa ń tú jáde tí ẹ̀rù bá bani, dípò rẹ̀, ibòmíì ni odi ti là: eku rántí nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ohun tó yẹ kó bẹ̀rù mọ́. Áńtíbọ́dì kan náà ni o! Ó jọ pé ìdí nìyí tí ohun tó ń ṣe aláìsàn kan lórí kì í fi í ṣe èkejì.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú ọpọlọ, ìyẹn microglia, a máa ṣe àṣejù, wọ́n á máa jẹ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn onímọ̀ ní Boston fi hàn ní 2017 pé interferon, èròjà tí ara fi máa ń kéde pé àrùn dé, wà lára ohun tó ń ti microglia ṣe é, àti pé oògùn tó dí i lọ́nà gba eku sílẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ Diamond lo captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lórí àtẹ, ọpọlọ eku sì sàn sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sáré lọ sí kẹ́míìsì Agbowó. Memantine, oògùn tí wọ́n ń lò fún àwọn arúgbó tí ọpọlọ wọn ń gbàgbé nǹkan, náà dáàbò bo eku, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Captopril sì lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní lúpọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń gbàgbé nǹkan, kó sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀ ní UCH tàbí ibi yòówù tó ti ń gba ìtọ́jú, nítorí àìsùn, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àní prednisolone, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní lúpọ́ọ̀sì, pàápàá, lè fa irú rẹ̀, ìwọ̀nyí sì ní ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀.