Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹ̀yà Tí Wọ́n Pààrọ̀ Lára Àpò Ọta Àwọn Ọmọ Ogun Jámánì

Àpò ọta tí ọmọ ogun Jámánì ń so mọ́ bẹ́líìtì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Awọ dúdú ni, àpò kéékèèké mẹ́ta tó so pọ̀, ọta mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìbọn K98k. Ohun tó ti lé ní 80 ọdún, dandan ni kí okùn kan ti já lára rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ wá ku ta ló tún un ṣe, àti ìgbà wo.

Ojú abẹ́rẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Òwú tó ti pẹ́ lára awọ á ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, á fi ilà sílẹ̀ bí ìgbà tí okùn ẹrù bá há sí èjìká. Ẹni tó bá tú okùn àtijọ́ kúrò tó sì rán tuntun, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sábà bọ́ sójú ihò àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ihò á di méjì-méjì, tàbí kí òwú gba ẹ̀gbẹ́ ilà rẹ̀ kọjá. Iná elésè àlùkò tí àwọn ará báńkì fi ń yẹ owó wò tún wúlò níbí: ọ̀pọ̀ òwú òde òní máa ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí àpò tí wọ́n ti fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ náà lè tàn.

Irin ló ń tú àṣírí jù, lójú tèmi. Idẹ àti ọ̀rá inú awọ máa ń di nǹkan aláwọ̀ ewé tó rọ̀ bí ìda. Irin lásán ń pẹtà, á sì sọ awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Alumíníọ́mù kì í di aláwọ̀ ewé. Nítorí náà, bí kókó tó ń há ìdérí bá jẹ́ alumíníọ́mù, tí awọ abẹ́ rẹ̀ sì ní àbàwọ́n aláwọ̀ ewé, kókó idẹ ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí a wo òǹtẹ̀ ẹ̀yìn náà. Àwọn tó ti pẹ́ máa ń ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìlú àti ọdún; nígbà tó yá, lẹ́tà mẹ́ta tàbí nọ́ńbà RBNr, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba Jámánì fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ló rọ́pò orúkọ. Àpò 1938 tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìṣó há, tí ihò abẹ́rẹ́ sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó ọ̀hún, wọ́n ti tún un ṣe.

Àtúnṣe kò sì túmọ̀ sí ayédèrú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní oníṣẹ́ awọ tirẹ̀, Nọ́wè náà sì tún lo ọ̀pọ̀ ìbọn K98k lẹ́yìn 1945. Àtúnṣe ìgbà náà á ti gbó pọ̀ mọ́ àpò: ìdọ̀tí kan náà ló máa wà lórí òwú tuntun àti ti àtijọ́, okùn náà á sì ti tẹ ojú ara rẹ̀ sórí awọ.