Gọ́tà iwájú ilé yìí, ta ló ni ín? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀sùn àdúgbò l'Ékòó

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní apá Agége, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA. Kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti í bi mí pé, "Akọ̀wé, ọ̀dọ̀ ta la máa gbé èyí lọ báyìí?" Mo kó díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Ìbéèrè: Ìwé òfin ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni kíkó ìdọ̀tí. Kí ló dé tó fi jẹ́ LAWMA, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ló ń bójú tó o?

Ẹni tó bi èyí ti ka òfin, mo sì yìn ín. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 fi ojú títì àdúgbò, iná ìgboro, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ayé àti kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kódà, sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé wà lára iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí Èkó kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kó o ní Múṣin yóò gba àárín ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn kọjá kó tó rí ààtàn dà á sí. Láti ọdún 1977 ni ìpínlẹ̀ ti dá àjọ tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀, òun náà ló di LAWMA lẹ́yìn náà. Àwọn tí ẹ ń rí nínú ọkọ̀ ni PSP, ilé iṣẹ́ aládàáni tí LAWMA pín àdúgbò fún, tí wọ́n sì ń mú bíìlì wá sílé. Nítorí náà, bí PSP bá pa yín tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má lọ pariwo ní káńsù. Wọn á gbọ́ yín tán, wọn á ní kẹ́ ẹ máa lọ. LAWMA ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ PSP yín àti ọjọ́ tí wọ́n wá gbẹ̀yìn.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní ni owó káńsù láti Àbújá ti ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó náà máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún ìdájọ́ náà ní ìpàdé wa. Ìdọ̀tí ìdí ọjà wa ò tíì gbọ́.

Ìbéèrè: A kó gọ́tà wa mọ́ lánàá. Òjò rọ̀ lónìí, omi sì wọlé. Ẹ̀bi ta ni?

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí dáadáa, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa.

Gọ́tà kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wà níwájú ilé yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀ lẹ ó máa gbọ́n ọn. Èyí tó gba omi òpópónà mélòó kan jọ, àti kánààlì ńlá tó ń gbé e lọ sínú ọ̀sà, ẹ̀ka tó ń rí sí ojú omi ní iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí a ń kọ sí kánsẹ́lọ̀ nípa omi, kánààlì ló yẹ kó dárúkọ.

Ohun kìíní tó ń pa wá lára ni yanrìn. A ó gbọ́n gọ́tà tán, a ó wá kó ẹrẹ̀ náà jọ gègèlè sétí rẹ̀, a ó ní ìjọba á wá kó o. Òjò àkọ́kọ́ á tún dá a padà sínú gọ́tà. Bí kò bá sí kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ tó máa kó o lọ lọ́jọ́ náà, ẹ fi sínú àpò sìmẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ di ẹnu rẹ̀.

Èkejì ni ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Omi kì í gun òkè. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń fúnra rẹ̀ pa iwájú ilé rẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì, èyí gbé tirẹ̀ ga, ẹnìkejì rẹ̀ jìn ín sílẹ̀. Bí gọ́tà bá tiẹ̀ mọ́ tó àwo ìjẹun, ibi tó ga yẹn ni omi máa dúró sí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀sà fúnra rẹ̀. Bí omi ọ̀sà bá kún, omi kánààlì kò ní ibi tó máa wọ̀ sí, ó gbọ́dọ̀ dúró títí ọ̀sà á fi fà. Bí ìjọba bá sọ èyí, àwọn ènìyàn á ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kò lè jẹ́ àwáwí fún omi tó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin wọ bàtà òjò, a tẹ̀lé omi láti ilé dé ilé lójú òjò. A rí ibi tó dúró sí: iwájú ilé kan tí wọ́n da kọnkéré bo gọ́tà pátápátá kí mọ́tò lè wọlé. Bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ló ni ilé náà. A wo ara wa, a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni wọ́n fòpin sí jíjókòó sílé fún ìmọ́tótó ní Sátidé ìparí oṣù?

Oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ìgbà ìjọba ológun ọdún 1984, tí wọ́n ń gbógun ti ìwà àìlófin, ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó nígbà náà, aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni níta. Ilé ẹjọ́ ló sọ pé kò sí òfin tó fún ìjọba láṣẹ láti há ènìyàn mọ́lé. Òfin ìmọ́tótó ò kúrò ńlẹ̀ o. Wolé-wolé ṣì lè kan ilẹ̀kùn yín.

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀ṣì kan ń lo gbohùngbohùn mọ́jú. Ṣé a lè fẹjọ́ ilé Ọlọ́run sùn?

Ẹ lè fẹjọ́ ariwo sùn. LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, ló ń rí sí i. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àdúgbò ilé gbígbé ni 55 dẹ́síbẹ̀lì lọ́sàn-án àti 45 lóru, ó sì kan ilé ọtí, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì bákan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rán àgbà méjì sí olùṣọ́ àgùntàn náà. Ibi méjì ni mo ti rí i tí wọ́n yí gbohùngbohùn padà sínú ilé láìsí ẹjọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago ariwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló ni kòtò ojú títì?

Ó sinmi lórí irú títì tó jẹ́. Lagos–Abẹ́òkúta jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn títì tó so ìgboro pọ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Títì inú àdúgbò jẹ́ ti káńsù. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó tẹ ìwé.

Ìbéèrè: Káńsù méjì ló ń gba owó lọ́wọ́ wa. Èwo ni tiwa?

Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin mọ̀ l'Ékòó. Ìpínlẹ̀ wá dá LCDA 37, ìyẹn káńsù ìdàgbàsókè tí wọ́n gé lára ìjọba ìbílẹ̀, kún un. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2004 pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá wà lábẹ́ LCDA, ọ́fíìsì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba owó, ẹ bèèrè rìsíìtì, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń kọ ìwé ẹ̀sùn tí wọn ò ní sọ nù?

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé kan. Kì í ṣe omi, iná, ìdọ̀tí àti àwọn ọmọ ìta nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ kọ ibi tí nǹkan náà wà gan-an, ẹ fi fọ́tò sí i, kí alága CDA fọwọ́ sí i, kí ó sì ní òǹtẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ mú lọ: kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà" sórí èkejì, kẹ́ ẹ mú un padà bọ̀. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó máa gbé dání nígbà tí ẹ bá tún lọ.

Ìwé tiwa lórí gọ́tà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ń dúró níwájú ilé kan tí wọ́n da kọnkéré bò, mo sì fi àlàfo sílẹ̀ níbi tó yẹ kí nọ́ńbà ilé wà. Alága ní kí n ní sùúrù, òun á lọ kí Bàbá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.