Wọ́n ti gé ọyàn kúrò, kí ló tún kù?

Obìnrin tó bá parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, "ẹ kú oríire" ni gbogbo ará ilé máa ń kí i. Síbẹ̀ dókítà ṣì ń kọ oògùn fún un, ó ṣì ń dá ọjọ́ fún un. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú nìyẹn.

Ọyàn ti lọ. Kí ni mo tún ń lo oògùn Tamoxifen fún?

Kókó tí ojú rí ni abẹ mú kúrò. Ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ sá pamọ́ sínú egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bó bá jẹ́ irú jẹjẹrẹ tí hòmóònù obìnrin ń bọ́ ni, Tamoxifen ló ń dínà oúnjẹ yẹn mọ́ ọn. Ọdún 5 ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ìwádìí ATLAS tó jáde ní 2012 fi hàn pé lílò ó fún ọdún 10 tún dín ewu pé jẹjẹrẹ náà yóò padà wá kù sí i. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò yín níbi tí wọ́n kọ "ER" àti "PR" sí, àmì tó ń sọ bóyá hòmóònù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Bí méjèèjì bá jẹ́ "negative" (rárá), oògùn yìí kò kàn yín, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, tó wá ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń lò ó, kó tètè sọ fún dókítà, torí oògùn náà lè ṣe ilé ọmọ ní jàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀.

Ṣé mammogram, fọ́tò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà fún ọyàn, ṣì pọn dandan?

Fún ọyàn tó kù, bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọọdún. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé tán kò nílò rẹ̀. Ìka ni kẹ́ ẹ fi máa tẹ ojú àpá, abẹ́ abíyá àti ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká wò. Egungun tó ń dùn láìdáwọ́ dúró tàbí ikọ́ tí kò lọ, ẹ má fi wọ́n sùn.

Ṣé àwọn ọmọ mi obìnrin náà yóò ní in?

Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe àjogúnbá. Ní 2018, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade wà lára wọn, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Ìbàdàn. Nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ló jogún àbùkù inú jíìnì (ohun tí òbí fi ń gbé àbùdá fún ọmọ), ti jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló sì pọ̀ jù. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá o. Bàbá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé e fún ọmọ. Ẹ wádìí ìdílé bàbá náà, kí wọ́n sì yéé di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá.

Mi ò lè bọ́ aṣọ níwájú ọkọ mi mọ́. Ṣé kì í ṣe àṣejù?

Rárá. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé "ṣebí ẹ̀mí wà, kí ni ti ọyàn?" Ara ẹni ni wọ́n gé, ọ̀fọ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ti mú irun lọ, ó ti sọ èékánná di dúdú. Tamoxifen ń mú kí ooru bò ó lóru títí aṣọ ìsùn yóò fi tutù rinrin, ojú ara sì lè gbẹ tí ìbálòpọ̀ yóò máa dùn ún. Ọkọ tí kò mọ èyí á rò pé ìfẹ́ ló tán. Ẹ mú un dání lọ sílé ìwòsàn, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀.

Ní ti aṣọ, fóòmù lásán kò tó. Ó fúyẹ́ jù: kọ́mú á máa gòkè lábẹ́ bùbá, ọyàn kejì á sì máa fa èjìká wálẹ̀. Ẹ rán àpò sínú kọ́mú, kí ohun tí ẹ máa kì sínú rẹ̀ sì wúwo bíi ti ọyàn kejì. Ẹni tó bá sì wù láti máa lọ láìfi nǹkan kan síbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo mọ́ kí apá mi má baà wú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú, fi hàn pé gbígbé irin, tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, kò dá kún wíwú náà. Ọ̀dọ̀ physio, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí apá náà bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì gbé yín, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn.