Fáíbà inú irin: báwo ni dígí ṣe ń wọn ooru?

Ní Agodi-Gate, n'Íbàdàn níbí, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù á wọ́n omi díẹ̀ sí i lára. Bí omi bá dún "ṣàà" tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti rí ìdáhùn. Àmọ́ ara irin nìkan lomi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí iná ti ń jó, gbóná ju ìta lọ fíìfíì, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì lè dé ibẹ̀. Nítorí inú lọ́hùn-ún yìí làwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń sin fáíbà sínú irin.

Fáíbà yìí náà ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí íntánẹ́ẹ̀tì, tí katapílà ń já lóòrèkóòrè. Bí a bá bó ohun tí wọ́n fi bò ó kúrò, okùn dígí kan ló kù, kò nípọn ju irun orí méjì tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ: maikrómítà 125. Ó ń ṣẹ́ bíi sùpàgẹ́tì tí a ò tíì sè.

Báwo wá ni dígí ṣe ń mọ ooru? Wọ́n kọ ilà fún un ni. Lọ́dún 1978, ní Kánádà, Ken Hill àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìmọ́lẹ̀ léésà lè fi àpá tí kì í parẹ́ sílẹ̀ nínú dígí. Lónìí, ilà wọ̀nyí lè tó nǹkan bí 18,700 nínú sẹ̀ntímítà kan ṣoṣo. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ púpọ̀ sínú fáíbà, àwọ̀ kan péré ni àwọn ilà náà máa dá padà, wọ́n á jẹ́ kí ìyókù kọjá. Èyí tó ń padà yẹn, ojú wa gan-an kì í rí i. Ẹ̀rọ ìta ló ń kà á. Bí dígí bá ti ń gbóná, ó ń gùn díẹ̀, ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ náà ń yí padà (èyí ló tiẹ̀ pọ̀ jù), àwọ̀ tó ń padà á sì sún: nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nanomítà (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) fún dígíríì kan. Èyí tó wù mí jù ni pé ilà lè pọ̀ lórí fáíbà kan ṣoṣo, kí tibí má jọ tọ̀hún. Bí a ṣe ń ti ojú mọ onípélé yàtọ̀ sí alábàjà ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tí ooru ti wá.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dígí àti irin bá di ará ilé kan náà. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní dígíríì 660, dígí ò sì ní yọ́ níbẹ̀. Ẹ lè wá ní kí wọ́n kàn dà á lé e lórí, bí àwọn tó ń rọ ìkòkò ṣe ń dà á sínú yanrìn. Rárá o. Ike tó bo fáíbà á jóná, irú ooru bẹ́ẹ̀ á mú kí àwọn ilà kan bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, nígbà tí irin bá sì ń tutù, á súnkì, á fún dígí pa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi nikẹ́ẹ̀lì tàbí bàbà bo fáíbà kọ́kọ́. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, kí wọ́n wá fi ìgbọ̀n tí etí ò lè gbọ́ so irin pọ̀ láì jẹ́ kó yọ́.

Ó kù síbì kan. Fún ooru kan náà, alumíníọ̀mù ń gbòòrò tó ìlọ́po ogójì dígí. Nítorí náà, irin á máa fa fáíbà, ẹ̀rọ á sì ka fífà yẹn mọ́ ooru. Àwọn kan ń jẹ́ kí fáíbà wà lómìnira nínú ọ̀pá tín-ín-rín. Àwọn mìíràn á gbé irin náà sínú ààrò tí wọ́n mọ ooru rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí ẹ̀rọ ń kà sílẹ̀ ní dígíríì kọ̀ọ̀kan.

Fún wẹ́dà àdúgbò, wáyà onírin méjì tí wọ́n fi ń wọn ooru ti tó, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka fáíbà wọ́n gan-an. Àmọ́ nínú tiransifọ́mà, níbi tí iná ńlá ń da wáyà láàmú, dígí ò mọ nǹkan kan nípa iná.

Bí ẹ bá sì gbọ́ pé fáíbà kán, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ihò tó ti jáde lára irin. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́ sí, torí ẹ̀ là fi ń fi rọ́bà rírọ̀ wé e níbẹ̀.