Iyèméjì onísáyẹ́ǹsì àti àyẹ̀wò ohun àràmàǹdà

Iyèméjì onísáyẹ́ǹsì ni ìlànà tí ó ní kí a má tíì gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́, kí a má sì tíì pè é ní irọ́, títí a ó fi rí ẹ̀rí tí ẹlòmíràn náà lè yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ìlànà yìí wò, ìbáà ṣe ti oògùn tàbí ti ìtàn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù lọ ni àyẹ̀wò àwọn ohun tí aráyé ń pè ní àràmàǹdà: mímọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó sọ ọ́, bíbá òkú sọ̀rọ̀, fífi ọ̀pá wá omi abẹ́ ilẹ̀, fífi ìràwọ̀ mọ ìwà ènìyàn, iwin, àti ìwòsàn tí kò la oògùn lọ. Ẹni tó ń tẹ̀lé ìlànà yìí yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń sẹ́ ohun gbogbo. Asẹ́ ti dájọ́ kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí. Oníyèméjì ní láti kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rí tí yóò yí òun lọ́kàn padà, kí ó sì gbà á tọkàntọkàn bí ó bá dé.

Onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Scotland nì, David Hume, kọ ọ́ ní 1748 pé kò yẹ kí ẹ̀rí ẹnu ènìyàn mú wa gba iṣẹ́ ìyanu kan gbọ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé kí ẹlẹ́rìí náà purọ́ tàbí kí ó ṣì í rí ni yóò tún yani lẹ́nu ju ohun tí ó ń ròyìn lọ. Ní ọ̀rúndún ogún, Marcello Truzzi, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, àti Carl Sagan, onímọ̀ ìràwọ̀, tan irú èrò kan náà kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà: bí ohun tí a ń sọ bá ṣe ṣàjèjì tó ni ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe lágbára tó. Òfin rere ni, àmọ́ òun nìkan kò tó. Ohun tí ó sọ iyèméjì di iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣètò ìdánwò, pàápàá jù lọ pé kí ẹni tí a ń dán wò, àti ẹni tí ó ń dán an wò bí ó bá ṣeé ṣe, má mọ ìdáhùn títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ìdánwò pẹ̀lú ojú dídì

Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò àkọ́kọ́ tí ó lo ọgbọ́n yìí wáyé ní ilẹ̀ Faransé ní 1784. Dókítà Franz Anton Mesmer ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Paris nígbà náà. Ó ní agbára kan wà tí ojú kò rí, tí ó jọ ti mágínẹ́ẹ̀tì, tí ó ń ṣàn nínú ohun gbogbo, àti pé òun lè darí rẹ̀ sí ara aláìsàn kí àìsàn náà lè lọ. Àwọn aláìsàn rẹ̀ a máa gbọ̀n, àwọn mìíràn a dákú, lẹ́yìn náà wọn a ní ara ti tu àwọn. Ọba Louis Kẹrìndínlógún gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Benjamin Franklin, tí ó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Antoine Lavoisier onímọ̀ kẹ́mísírì, Jean Sylvain Bailly onímọ̀ ìràwọ̀ àti dókítà Joseph-Ignace Guillotin. Mesmer kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Charles Deslon, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ni ó gbà kí wọ́n dán òun wò.

Nínú ọgbà Franklin ní Passy, Deslon fi agbára náà sí igi eléso kan. Ó mú ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan wá, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn nítorí pé agbára náà máa ń tètè mú un. Wọ́n di ọmọ náà lójú, wọ́n mú un káàkiri ìdí igi mẹ́rin tí Deslon kò fọwọ́ kàn rárá, wọ́n sì ní kí ó dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí igi kìíní, òógùn bò ó, ó sì ń wúkọ́. Ní ìkejì, orí ń fọ́ ọ. Ní ìkẹta, ó ní òun mọ̀ ọ́n lára pé igi náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìkẹrin, ó dákú, ara rẹ̀ gan, wọ́n sì ní láti gbé e sórí koríko, bẹ́ẹ̀ igi tí Deslon fi agbára sí wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 24 sí ibi tí ó ṣubú sí. Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé ọmọ náà ń díbọ́n. Ìpinnu wọn ni pé èrò ọkàn láìsí agbára Mesmer ń mú kí ara ènìyàn gbọ̀n, ṣùgbọ́n agbára Mesmer láìsí èrò ọkàn kò ṣe nǹkan kan. Nínú gbogbo ìtàn iṣẹ́ yìí, bóyá ni ìdánwò kan wà tí ó fi òye àti àánú hàn tó èyí.

Ní 1853, jíjókòó yí tábìlì ká ti di àṣà ní Yúróòpù. Àwọn ènìyàn a gbé ọwọ́ lé tábìlì, tábìlì a sì yí; ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ẹ̀mí òkú ni ó ń yí i. Michael Faraday, tí ó ti di àgbà onímọ̀ nípa iná mànàmáná nígbà náà, to páálí pẹlẹbẹ léra wọn, ó fi àlẹ̀mọ́ tó rọ̀ sáàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ara wọn, ó wá gbé wọn sí abẹ́ ọwọ́ àwọn tó jókòó. Bí ó bá jẹ́ tábìlì ni ó kọ́kọ́ yí, páálí ìsàlẹ̀ ni yóò ṣíwájú. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni ó ń tì í, páálí òkè ni. Páálí òkè ni ó ṣíwájú. Lẹ́yìn èyí, Faraday fi ọ̀pá tín-ín-rín kan síbẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tì, kí àwọn tó jókòó lè máa fi ojú ara wọn rí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo ọ̀pá náà, tábìlì kò yí mọ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ni àwọn ń ti tábìlì. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni William Carpenter, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn ń retí lè mú iṣan ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ọ̀ràn ẹṣin Hans fi hàn pé olùbéèrè náà lè ṣi ìdánwò lọ́nà. Wilhelm von Osten ní Berlin gbà pé ẹṣin òun mọ ìṣirò, nítorí pé bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ẹṣin náà a fi pátákò kanlẹ̀ títí iye rẹ̀ yóò fi pé. Ìgbìmọ̀ kan wò ó ní 1904, wọn kò sì rí ẹ̀tàn kankan. Oskar Pfungst, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ni ó wá rí i, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1907, pé bí olùbéèrè kò bá mọ ìdáhùn, tàbí bí ẹṣin náà kò bá rí i, Hans kì í gbà á. Olùbéèrè a tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹṣin bá ti ń kanlẹ̀, a sì gbé e sókè díẹ̀ bí iye náà bá ti pé. Èyí ni ẹṣin ń wò. Kódà lẹ́yìn tí Pfungst mọ àṣírí náà, kò rọrùn fún un láti ká ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò.

Ìdánwò kò nílò ohun èlò olówó ńlá. Emily Rosa, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn oníwòsàn tó ní àwọn lè fi àtẹ́lẹwọ́ mọ agbára tó yí ara ènìyàn ká láìfọwọ́ kàn án. Oníwòsàn a ti ọwọ́ méjèèjì gba abẹ́ pátákó ìdábùú kan, Emily a ju owó ẹyọ sókè láti mọ èwo ni yóò na ọwọ́ tirẹ̀ sí tòsí, oníwòsàn a sì sọ èyí tí ó jẹ́. Àwọn oníwòsàn 21 ni ó dán wò nígbà 280. Ẹni tó bá kàn ń méfò ni ó yẹ kí ó gba ìdajì. Ìdá 44 nínú 100 ni wọ́n gbà. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1998.

Àdéhùn ṣáájú ìdánwò

Bí a bá ti mọ èsì tán, kò sí ohun tí ènìyàn kò lè wá àlàyé fún. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tó ní agbára kan àti àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí wọn yóò pè ní àṣeyọrí. Ní 1990, ẹgbẹ́ àwọn oníyèméjì ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń pè ní GWUP pe àwọn afọ̀pá-wá-omi bíi 30 jọ sí ìlú Kassel. Wọ́n ri páìpù oníke mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn afọ̀pá-wá-omi sọ ìgbà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá àti ìgbà tí kò gbà á. Àwọn afọ̀pá-wá-omi náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìdánwò náà tọ́. Èsì wọn kò ju ti ẹni tó ń méfò lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwíjàre sì tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àìyẹ ọ̀rọ̀ wò lè fà hàn kedere nínú ọ̀ràn ẹ̀rọ ADE 651. Ọwọ́ ìdìmú oníke tó ní ọ̀pá èríà tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún ni, kò sí ohunkóhun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tà á fún ìjọba Iraq gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tó ń rí bọ́ǹbù, wọ́n sì ń lò ó níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Baghdad, nígbà tí bọ́ǹbù ń pa ènìyàn nínú ìlú náà. Ìdánwò ojú dídì fún wákàtí kan péré ì bá ti tú àṣírí rẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan ní London rán oníṣòwò tó ń tà á lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Ipa àwọn onídán

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í sábà fura pé ohun tí òun ń wádìí lè máa tan òun jẹ. Ẹni tó fi ẹ̀tàn ṣiṣẹ́ ṣe ni ojú rẹ̀ ti là sí i, èyí ni ó sì mú kí àwọn onídán ní ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí. Ìsìn àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ti òde òní bẹ̀rẹ̀ ní Hydesville, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1848, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ìdílé Fox ní ẹ̀mí ń kan pátákó láti dá àwọn lóhùn. Ní 1888, Margaret Fox dúró níwájú èrò ní New York, ó fi hàn pé ìró oríkèé ìka ẹsẹ̀ àwọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Onídán Harry Houdini lo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ láti máa tú àṣírí irú àwọn abókùúsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

James Randi, onídán mìíràn, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe jù lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1986, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ gbá ohùn rédíò mú níbi ìpàdé oníwàásù Peter Popoff, ẹni tó ń dárúkọ àìsàn àwọn ènìyàn bí ẹni pé Ọlọ́run ni ó ń sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń kà á sí i létí láti inú káàdì tí àwọn ará ìpàdé ti kọ ọ̀rọ̀ sí. Láti 1964 ni Randi ti gbé ẹ̀bùn 1,000 dọ́là kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fi agbára àràmàǹdà hàn lábẹ́ àyẹ̀wò tó péye. Ẹ̀bùn náà di mílíọ̀nù kan dọ́là ní 1996. Títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2015, kò sí ẹni tó gbà á. Randi wà lára àwọn tó dá CSICOP, ìgbìmọ̀ tó ń fi ìlànà sáyẹ́ǹsì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ àràmàǹdà wò, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976 lábẹ́ ìdarí Paul Kurtz, ìgbìmọ̀ tí Sagan, Isaac Asimov àti Martin Gardner náà wà nínú rẹ̀.

Iye, èèṣì àti àtúnṣe ìdánwò

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ní ẹlẹ́tàn nínú. Ní 2011, Daryl Bem, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní yunifásítì Cornell, tẹ ìdánwò mẹ́sàn-án jáde, tí ó lé ní 1,000 ènìyàn kópa nínú wọn, ó sì ní wọ́n fi hàn pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lè nípa lórí ohun tí ènìyàn ń ṣe nísinsìnyí. Àwọn ìlànà ìṣirò tí ó lò kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Stuart Ritchie, Richard Wiseman àti Christopher French tún ọ̀kan nínú ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò rí nǹkan kan, ìwé ìròyìn tó tẹ iṣẹ́ Bem sì ní òun kì í tẹ àtúnṣe ìdánwò jáde. Ibòmíràn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ní 2012. Ìgbésẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń forúkọ ètò ìdánwò sílẹ̀ báyìí kí wọ́n tó kó iye kankan jọ. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ìmọ̀, ọ̀rọ̀ àràmàǹdà ni ó sì bí i.

Ó tún yẹ kí a ya ìrírí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tí a fún un. Ẹni tó ta jí lóru tí kò lè mi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tí ó rí ẹnì kan tó dúró tì í, tí àyà rẹ̀ sì wúwo, kò purọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ti jí, ara rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ipò oorun àlá, nígbà tí iṣan máa ń wà ní dídè, ohun tó wà nínú àlá sì lè máa hàn sí ojú tó là sílẹ̀. Aláyẹ̀wò tó bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àríwísí

Truzzi, tí ó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ CSICOP, kúrò níbẹ̀ láìpẹ́ nítorí pé, lójú tirẹ̀, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà ti pinnu ìdáhùn kí wọ́n tó wádìí. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ náà ti sọ ọ̀rọ̀ tó gba ẹ̀rí. Ìtàn sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kà á sí ìsọkúsọ pé òkúta ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará oko ló sábà máa ń ròyìn rẹ̀. Ernst Chladni, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ ọ́ ní 1794 pé òtítọ́ ni, àwọn púpọ̀ sì ta kò ó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 1803, òkúta púpọ̀ rọ̀ sí agbègbè L'Aigle ní Faransé, wọ́n sì rán Jean-Baptiste Biot, onímọ̀ físíìsì, lọ síbẹ̀. Ó bi àwọn ènìyàn oríṣiríṣi ipò àti iṣẹ́ ní ìbéèrè, ó fi ọ̀rọ̀ wọn wé ara wọn, ó ya àwòrán ilẹ̀ ibi tí àwọn òkúta náà bọ́ sí, ó sì rí i pé kò sí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Ìjábọ̀ rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òótọ́ ni àwọn ará oko náà ti ń sọ.