PVC wo lẹ ń wí?

Ìyá kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́, ló kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bá mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́ PVC lẹ́nu ènìyàn mẹ́rin. Púlọ́ńbà ilé náà ní òun ń gba owó PVC. Àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù ń kéde pé kí kálukú lọ gba PVC rẹ̀. Dókítà kọ PVC sínú ìwé àyẹ̀wò ọkàn ọkọ wọn. Ọmọ wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, sì tún tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé PVC òun ti há láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe béèrè ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń sọ ni?

Rárá o, mà. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn ò bá ara wọn tan. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣà jọ láti fi gé orúkọ gígùn kúrú, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣà tirẹ̀ láì wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó. Ti púlọ́ńbà ni polyvinyl chloride. Ti INEC, àjọ elétò ìdìbò, ni Permanent Voter Card. Ti dókítà ni premature ventricular contraction. Ti ọmọ yín ni persistent volume claim. Kódà ní ilẹ̀ Íńdíà, PVC ni àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ fún ọmọ ogun, Param Vir Chakra, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950. Ènìyàn 21 péré ló ti gbà á, 14 nínú wọn sì ti kú kí wọ́n tó fi dá wọn lọ́lá.

Ìbéèrè: Owó PVC tí púlọ́ńbà ń gbà lọ́wọ́ mi ńkọ́?

Owó páìpù ni. Ike ni PVC yẹn, iyọ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, iyọ̀: inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ chlorine, èyí tó ju ìdajì ìwọ̀n ike náà lọ. Ìyókù wá láti inú epo rọ̀bì tàbí gáàsì. Ní 1872, Eugen Baumann, ará Jámánì, rí i tó dì ní funfun nínú ìgò kan tí oòrùn ń pa. Ṣùgbọ́n ó le, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe dáadáa títí di 1926, nígbà tí Waldo Semon ní Amẹ́ríkà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé PVC kan náà ni páìpù líle, òun náà ni ohun rírọ̀ tó bo wáyà iná. Bí káfíńtà bá ní ẹ jẹ́ kí òun fi PVC ṣe àjà ilé, ike yẹn náà ni, wọ́n ṣe é ní pẹlẹbẹ ni. Àwo Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, tí àwọn bàbá wa ń fi sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sunday, ike yẹn náà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dúró ti púlọ́ńbà yín lọ́jọ́ tó bá ń so páìpù. Á fi ayùn gé e, á fá etí rẹ̀ kó dán, á nù ún. Á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lára ìdérí agolo kun gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn páìpù àti sínú ẹ́líbò, ìyẹn ike kékeré tó tẹ̀ tí wọ́n fi ń so páìpù méjì pọ̀, á tì í wọlé, á yí i díẹ̀, á sì dì í mú fúngbà díẹ̀ kó tó fi sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe àtè lásán o. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè jọ dì di ọ̀kan. Tó bá ti ṣi ìwọ̀n mú, kò sí bó ṣe lè tú u mọ́, àfi kó gé e dànù kó ra ẹ́líbò mìíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó bá a jà lórí owó, ẹ ka iye ẹ́líbò tó wà nínú ìwé tó kọ, kí ẹ sì ka iye tó ṣẹ́kù nílẹ̀ tó bá parí.

Páìpù yìí kì í dípẹtà bíi ti irin. Oòrùn àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀: èyí tí oòrùn bá ń pa fún ọdún púpọ̀ á gbó, á máa sán, omi gbígbóná sì máa ń sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo sì bẹ yín, ẹ má ṣe da àjákù rẹ̀ pọ̀ mọ́ pàǹtírí tí a máa ń dáná sun nírọ̀lẹ́. Èéfín rẹ̀ ní ásíìdì nínú, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun bí ata, àwọn ọmọ tó ń ṣeré létí ibẹ̀ ló sì ń fà á símú.

Ìbéèrè: Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kéde rẹ̀ ni mo rò pé mo mọ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Káàdì ìdìbò alálòpẹ́ ni. Wọ́n pè é ní alálòpẹ́ nítorí pé ìwé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ènìyàn. Ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2015 ni gbogbo Nàìjíríà kọ́kọ́ lò ó, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tó wà nínú káàdì náà tó sì ń yẹ ìka onítọ̀hún wò.

Àwa ará Àkúrẹ́ ò lè gbàgbé ẹ̀rọ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, iná sọ ní ọ́fíìsì INEC níhìn-ín, ẹ̀rọ ìka-káàdì tó lé ní 5,000 sì jóná. Ó ku oṣù kan géérégé kí a dìbò gómìnà. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti kó òmíràn wá, a sì dìbò lọ́jọ́ 10 oṣù kẹwàá bí wọ́n ṣe dá a. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ mìíràn tó ń jẹ́ BVAS rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń yẹ ìka wò, tó sì tún ń yẹ ojú wò bí ìka bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti alágbàṣe tí iṣẹ́ ti bó ìka wọn ni ìyẹn ràn lọ́wọ́.

Ẹni tó ni káàdì ló yẹ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sílé pé kí ẹ kó PVC yín fún òun kí òun fún yín lówó, ẹ lé e jáde. Òfin ò fàyè gbà á pé kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n rà á.

Ìbéèrè: Ṣé ike PVC ni wọ́n wá fi ṣe káàdì PVC ni?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí. Rárá. Ike mìíràn tó ń jẹ́ polycarbonate ni INEC ní wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ní ó lè lò tó ọdún 10. Káàdì ATM tó wà nínú pọ́ọ̀sì yín, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní PVC, ike PVC ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìyẹn.

Ìbéèrè: Ti ọkọ mi ló ń já mi láyà. Kí ni PVC ń ṣe nínú ọkàn ènìyàn?

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti òkè ni àṣẹ pé kó lù ti ń wá. Nígbà mìíràn, yàrá ìsàlẹ̀ kan á lù kí àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí omele bá sáré ṣáájú ìyáàlù. Ọkàn á wá dúró díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kún inú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lílù tó tẹ̀ lé e á sì rinlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ènìyàn máa ń sọ pé àyà òun já lójijì láìsí ohun tó dẹ́rù bà á. Òun ni dókítà rí lórí ìwé nígbà tí wọ́n lẹ okùn mọ́ àyà bàbá.

Ó wọ́pọ̀ púpọ̀, kódà lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Àìsùn tó, ìrònú, ọtí àti kọfí lè fà á. Obì náà lè fà á, nítorí ohun tó wà nínú kọfí wà nínú obì. Bí bàbá bá ń jẹ obì lójoojúmọ́, tàbí tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dákú, tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òun náà ni wọ́n ń ṣe fún aboyún ní láàbù?

Rárá, mà. PCV nìyẹn, packed cell volume, àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára; C ló ṣáájú V. Èyí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òòyì ń kọ́ ìyá mi, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, “Mama, ẹ lọ ṣe PCV yín wá.” Oṣù ìdìbò ni, PVC ló wà létí gbogbo ayé. Ìyá mi gun ọ̀kadà padà sílé ní Ìsìkàn, wọ́n tú àpótí, wọ́n mú káàdì ìdìbò wọn bọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, láàbù ti tì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn: 24 péré ló jáde. Ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 24 gun ọ̀kadà lọ, ó gun ún bọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán, nítorí lẹ́tà méjì tó gbapò ara wọn. Ó ṣì ń dùn mí. Ká ní wọ́n sọ pé “Mama, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó” ni, kò ní ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ, wọn ì bá sì ti gba ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń kà á, mo bẹ̀ yín ni.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò le. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tín-ínrín bí ọwọ̀ kan, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó pupa á lọ sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ á wà lókè. Bí pupa bá gba ìdá 36 nínú 100 gígùn ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò náà, PCV jẹ́ 36. Ó yẹ kí ti obìnrin tó bẹ́ẹ̀, ti ọkùnrin sábà máa ń ju 40 lọ, ti aboyún kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 33.

PCV mìíràn tún wà lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́. Ti abẹ́rẹ́ tó ń dènà òtútù àyà nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n ń gún un.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tí PVC rẹ̀ há ńkọ́? Ṣé kò ní lè dìbò ni?

Á dìbò, mà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀. Nínú Kubernetes, tí wọ́n fi ń darí ọ̀pọ̀ ètò lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò tó bá fẹ́ àyè tí yóò máa kó ẹrù rẹ̀ sí gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Ìtọrọ yẹn ni wọ́n ń pè ní PVC. Bí wọn ò bá tíì rí àyè tó bá ohun tó tọrọ mu, “Pending” ni yóò máa kọ síwájú rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi rí i. Ẹ bá a béèrè bóyá ó ti jẹun.