Ọ̀rọ̀ Ihò àti Ọ̀pá: Bí Ohun Ìṣeré Ṣe Ń Ti Inú Èrò Bọ́ Sọ́wọ́ Ọmọdé

Ní Kétu, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kì í pẹ́ tí mọ́tò alágolo á fi gba àdúgbò. Agolo sadín ni ara ọkọ̀. Sílípáàsì tó ti gbó ni wọ́n ń gé róbótó fi ṣe táyà. Wáyà tàbí sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ìṣó àti òkúta ni wọ́n sì fi ń lu ihò sára agolo. Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ tó ń ṣe é yóò rí i pé kì í ṣe ìrísí ọkọ̀ ló ń jẹ àkókò rẹ̀. Ihò ni. Bí ihò bá fún, ọ̀pá ò ní yí, táyà á kàn máa wọ́ nílẹ̀. Bó bá gbà jù, táyà á máa mì, ọkọ̀ á sì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà á lu ihò, á ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, á fi ìka ta táyà wò, á yọ ọ̀pá, á tún fi ìṣó fẹ ihò díẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó so okùn mọ́ ọkọ̀.

Iṣẹ́ aṣẹ̀dá ohun ìṣeré gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń fi í jẹun nílé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun, ihò àti ọ̀pá náà ni wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ kọ́ nìyẹn. Wọ́n gbà pé ẹnì kan jókòó, èrò kan sọ sí i lọ́kàn, ó yà á sínú ìwé, ó dolówó. Ìgbàgbọ́ yẹn ń bí ni nínú, torí pé ó kó gbogbo iyì iṣẹ́ náà fún apá tó rọrùn jù lọ nínú rẹ̀.

Ẹ wo búlọ́ọ̀kù LEGO, ike kéékèèké tí ọmọdé ń tò léra. Káfíńtà ni Ole Kirk Christiansen tó dá ilé-iṣẹ́ LEGO sílẹ̀, ní ìlú Billund lórílẹ̀-èdè Denmark, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ohun ìṣeré ní 1932. Ní 1949, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù oníke jáde. Èrò búlọ́ọ̀kù tí à ń tò léra yẹn kì í ṣe tiwọn. Hilary Page, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ta irú rẹ̀ ṣáájú wọn lábẹ́ orúkọ Kiddicraft. Búlọ́ọ̀kù ìgbà náà ní orí kéékèèké lókè, àmọ́ kòròfo ni abẹ́ rẹ̀. Ọmọdé á to ilé, á gbé e sókè, ilé á ya lulẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí ojútùú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù January 1958, Godtfred, ọmọ Ole Kirk, kọ̀wé béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá lórí páìpù kéékèèké tí wọ́n fi sábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Bí a bá ti gbé ọ̀kan lé èkejì báyìí, orí ti ìsàlẹ̀ á wọ àárín páìpù àti ògiri, ibi mẹ́ta ni wọ́n á sì ti dì í mú. Ó le tó kó má jábọ́, kò sì le kọjá agbára ìka ọmọ kékeré tó fẹ́ tú u. Búlọ́ọ̀kù ọdún 1958 ṣì ń wọ ti òní. Èrò ẹlòmíràn ni. Bí ihò ṣe yẹ kó gbà ni wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án wá.

Yíya àwòrán, ìpàdé lórí iye tí wọ́n máa tà á, orúkọ, àwọ̀ páálí: gbogbo ìyẹn wà nínú iṣẹ́ náà, kò sì yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ tàbí bàtà. Ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí ni mọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n gbẹ́ nínú láti fi mú ike nírìísí.

Ẹni tó bá mọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe ti lóye mọ́ọ̀dù dé ìdajì. Wọ́n á yọ́ ike títí á fi ṣàn (nǹkan bíi 230 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti LEGO), wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í tagbáratagbára sínú irin tí wọ́n gbẹ́ nínú, á tutù, irin á là sí méjì, ohun ìṣeré á jábọ́. Jíjábọ́ yẹn ni gbogbo wàhálà. Ìyá tó bá se ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, kó sáà ti dojú abọ́ délẹ̀, kó gbá a nídìí, ọ̀lẹ̀lẹ̀ á yọ láìní àbàwọ́n. Èyí tó wà nínú agolo wàrà ńkọ́, tí ara agolo gún gbọọrọ láti òkè délẹ̀? Ọ̀bẹ ni wọ́n á fi yí i ká kó tó gbà láti jáde. Bí agolo bá sì ti tẹ̀ wọnú níbì kan, ibẹ̀ ni ọ̀lẹ̀lẹ̀ á ti gé. Nítorí náà ni aṣẹ̀dá ohun ìṣeré ṣe máa ń fi ìwọ̀n dígírì kan tàbí méjì da ara ohun gbogbo síta díẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí ibi kankan lára rẹ̀ tó máa há sínú irin.

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó bá ń tutù a tún máa sún kúrò lára abọ́. Ike náà ń sún bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa gbẹ́ irin tóbi ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ, kó lè bọ́ sí ìwọ̀n tó yẹ nígbà tó bá sún tán. Ibi tó bá nípọn ló ń pẹ́ tutù jù, á sì jìn wọnú bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìdí rèé tí ọkọ̀ oníke fi máa ń ṣófo lábẹ́, tí wọ́n á wá fi ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ dè é nínú. Àwọn èèyàn ń sọ lọ́jà pé ahun ló sún oníṣẹ́ débẹ̀. Ká ní ó fi ike kún inú rẹ̀ dẹ́nu ni, ara rẹ̀ ì bá rí gbágungbàgun. Ẹni tó bá ní ohun ìṣeré oníke nítòsí kó fi èékánná wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, ibẹ̀ ni irin méjèèjì ti pàdé. Kó tún wá ojú kékeré kan tó rí bí ìdodo: ibẹ̀ ni ike gbà wọlé, bí ìwọ́ ọmọ.

Ọ̀kan wà nínú àṣà àwọn tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù tó gbọ́n gan-an. Owó irin yìí pọ̀, ó lè wọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ohun ìṣeré alápá púpọ̀. Ó rọrùn láti há irin kúrò, ó ṣòro láti dá a padà. Torí náà, níbi tí ohun méjì ti máa wọ ara wọn, wọn kì í há a tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù, wọ́n á da ike sí i, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún há a díẹ̀. Ọmọ Kétu tó ń fi ìṣó kékeré bẹ̀rẹ̀ ihò, ìdí kan náà ni. Ihò tó fún ṣe é fẹ̀, ihò tó ti gbà jù, agolo mìíràn ló kù.

Ohun kan tún wà tó mú kí iṣẹ́ yìí le: ọwọ́ tó ṣe é kọ́ ni ọwọ́ tó máa lò ó. Àwọn agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó gbẹ́ ẹ lè má jó o láéláé, síbẹ̀ ọrùn oníjó ló ń rò bó ṣe ń gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Nínú àwọn orí mìíràn, ère orí rẹ̀ máa ń mira: oníjó ń fa okùn lábẹ́ aṣọ, ejò á gbérí, ẹnu á là. Ojú tó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ṣùgbọ́n ojú kì í rí okùn. Bí ihò tí okùn gbà bá fi lè há, ère á dúró gbagidi lójú agbo. Bákan náà, Hans Beck, ọmọ Jámánì tó ṣẹ̀dá ohun ìṣeré Playmobil tó dọ́jà ní 1974, ṣe àwọn ènìyàn kékeré rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, kí ìkúùkù ọmọdé lè gbá wọn mú.

Ọmọdé á bu ohun ìṣeré jẹ, á sọ ọ́ mọ́lẹ̀, á jókòó lé e. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ní ife kékeré kan tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 31.7, tí wọ́n ṣe kó jọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ohunkóhun tó bá wọ inú ife náà tán kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Táyà kan tó bá já lára ọkọ̀, tó sì wọ ife náà, ti pa iṣẹ́ oṣù mẹ́fà rẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ètò yìí ti mẹ́hẹ. Ọ̀pọ̀ aṣẹ̀dá ń gba owó oṣù, orúkọ wọn kì í sì í sí lára páálí. Ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́ a máa gba ìpín kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Ní 1982, ẹnjiníà Lonnie Johnson ń dán ẹ̀rọ kan wò ní balùwẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí omi tú jáde ṣàà. Ó fi páìpù àti ìgò mínírà oníke to ìbọn omi, bí ọmọ ṣe ń fi agolo to ọkọ̀, àmọ́ ìbọn omi náà kò dọ́jà títí di 1990. Ọdún kejì ni wọ́n sọ ọ́ ní Super Soaker. Ní 2013 ni ìdájọ́ tó mú kí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á san nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 dọ́là fún un, owó tí wọn kò san pé. Lizzie Magie, obìnrin ará Amẹ́ríkà, kò rí tó bẹ́ẹ̀. Òun ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1904 lórí eré tí Monopoly, eré orí pátákó tó gbajúmọ̀, ti jáde. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ Parker Brothers tó ń ta Monopoly fún un ní 500 dọ́là, wọ́n sì gbé Charles Darrow jáde fáráyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí èrò náà sọ sí lọ́kàn. Ohun tí ìgbàgbọ́ nínú èrò òjijì ń ṣe fún oníṣẹ́ nìyẹn.

Ní Kétu, ẹni tó lu ihò ló ń fa ọkọ̀, kò sí ìpàdé tàbí páálí láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, iyanrìn á ti jẹ ihò, táyà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà á yọ ọ̀pá, á ya ọ̀rá omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi wé ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì, á tì í padà, á sì fi ìka ta táyà wò.